Gíláàsì Má-yọjú

"Èwo nínú wọn ni kí n mú?"

"Kí lo fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe?"

"Kí ni ènìyàn máa ń fi kámẹ́rà ṣe?"

"Ṣé inú oòrùn lo ti máa ń lò ó jù, àbí inú ilé?"

"Ṣé gbogbo ẹni tó bá wá ra gíláàsì lẹ máa ń fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò báyìí?"

"Ṣé o fẹ́ kí n bá ọ yàn án ni, àbí o fẹ́ yàn án fúnra rẹ?"

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n yàn, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ ni ǹ bá wá?"

Ìbéèrè méje ni wọ́n ti jù lu ara wọn, kò sì sí ẹni tó dáhùn ẹyọ kan nínú wọn. Adúmáadán, tó jókòó sẹ́yìn tábìlì tí wọ́n ti ń lẹ gíláàsì, gbé ojú sókè wo ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ni. Kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ẹ̀rín tí wọ́n torí rẹ̀ sọ ọmọbìnrin náà lórúkọ sì wà lẹ́nu rẹ̀ bí ẹni pé ó gbé e wá láti ilé. Kámẹ́rà kékeré dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìn kámẹ́rà náà jẹ́ ojú dídán tí wọ́n ń fi ìka kàn bí ìgbà tí ènìyàn ń lo fóònù. Adúmáadán kò fọwọ́ kàn án rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n dunjú. Nínú ọkàn rẹ̀, òun ló ni ín.

Ọ̀rọ̀ náà ti lé ní oṣù márùn-ún. Télọ̀ ni bàbá Adúmáadán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, bàbá náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Oòrùn wà lẹ́yìn rẹ̀, òwú náà sì ń tàn láàárín ìka rẹ̀ bí ìgbà tí iná ń ràn lára rẹ̀. Adúmáadán kò ní fóònù. Ó gba ti Ẹlẹ́rìn-ín, tí wọ́n jọ ń ti ilé-ẹ̀kọ́ bọ̀, ó kúnlẹ̀ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dá èémí dúró, ó sì ya ọwọ́ méjèèjì tí abẹ́rẹ́ ti gún fún ogún ọdún. Àwòrán kan péré ni. Nígbà tí bàbá náà kú, Adúmáadán bẹ Ẹlẹ́rìn-ín pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí òun tẹ àwòrán náà jáde. Ẹlẹ́rìn-ín ní ó ti parẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwòrán tí wọ́n ní ó ti parẹ́ gba ipò kìíní nínú ìdíje àwòrán àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín ló wà lábẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà yìí sì ni ẹ̀bùn. Wọ́n tẹ àwòrán náà tóbi tó ilẹ̀kùn, wọ́n gbé e kọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, tó fi jẹ́ pé láràárọ̀ ni Adúmáadán ń kọjá níwájú ọwọ́ bàbá rẹ̀, tó sì ń ka orúkọ ẹlòmíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ó fẹjọ́ sùn. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ pe àwọn méjèèjì, ó sì bi Ẹlẹ́rìn-ín pé ta ló ya àwòrán náà. Ẹlẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Sà, ta ló ni fóònù?"

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Láti ìgbà náà, Adúmáadán ti bi í léèrè ní kíláàsì, nídìí ẹ̀rọ omi, lójú ọ̀nà ilé, pé ta ló ya àwòrán ọwọ́ bàbá òun. Bí Ẹlẹ́rìn-ín kò bá rẹ́rìn-ín, ìbéèrè mìíràn ni yóò fi dá a lóhùn. Nígbà tó yá, Adúmáadán kò bi í mọ́. Ó di kùnrùngbùn sínú, ó sì ń retí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

Ọjọ́ náà ló dé yìí.

Àbúrò ìyá Adúmáadán ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Adúmáadán ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Àǹtí Onígíláàsì ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé kò sí fóònù tàbí kámẹ́rà tí kò lè bá wọn fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, kó sì dà bí ẹni pé a kò fi nǹkan kan bò ó. Òfin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: oníbàárà tí kò bá tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí páálí gíláàsì fún un. Oníbàárà lè bínú, kò kàn án. Ọkùnrin kan tó ń múra ìgbéyàwó sọ nígbà kan pé àwọn òbí ìyàwó òun kò bi òun ní ìbéèrè tó ti àǹtí yìí. Àǹtí dá a lóhùn pé àwọn òbí ìyàwó kò ní gíláàsì tí wọn yóò lẹ̀.

Oríṣi mẹ́rin ló wà lórí tábìlì lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá tó rọ̀ wà, èyí tí kì í fọ́ ṣùgbọ́n tó máa ń tètè ha. Gíláàsì tó mọ́ gaara wà. Èyí tí oòrùn kì í kọ mọ̀nà lórí rẹ̀ náà wà, fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níta. Ẹ̀kẹrin ni gíláàsì dúdú tí àwọn oníbàárà sọ lórúkọ "má-yọjú". Fóònù ni wọ́n ṣe é fún. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fóònù, ẹni tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ kò ní rí ohun tí à ń kà. Ṣùgbọ́n má-yọjú kò yẹ kámẹ́rà rárá. Àǹtí ti kọ́ Adúmáadán ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ìdí tábìlì náà pé ojú kámẹ́rà ni ẹni tó ń ya àwòrán fi ń mọ̀ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó. Bí gíláàsì dúdú bá bo ojú náà, yóò máa parọ́ fún un. Yóò rò pé ibẹ̀ ṣókùnkùn, yóò fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ sókè, àwòrán yóò sì jáde ní fífunfun báláú bí aṣọ tí ọṣẹ ti jẹ.

Àǹtí kò sí ní ṣọ́ọ̀bù. Adúmáadán nawọ́ mú má-yọjú.

"Èyí."

"Kí ló dé tó fi dúdú?"

"Ṣé o kì í rí dígí ọkọ̀ àwọn ènìyàn ńlá ni?"

Inú Ẹlẹ́rìn-ín dùn sí i. Ó ní kó lẹ̀ ẹ́ kíá, nítorí pé òun ní ibi tí òun ń lọ. Adúmáadán fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú sípíríìtì nu ojú kámẹ́rà náà, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó fi téèpù ṣa eruku ẹyọ-ẹyọ títí kò fi ku ọ̀kan. Ó gbé etí gíláàsì náà lé e, ó dẹwọ́, ó sì ń wo àtè bó ṣe ń rìn láti àárín lọ sí etí, láìní afẹ́fẹ́ kankan lábẹ́ rẹ̀. Kò tíì lẹ gíláàsì tó gún tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tó ti ń kọ́ iṣẹ́. Ó fi káàdì tẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó gbé kámẹ́rà náà fún ẹni tó mú un wá, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù márùn-ún.

Ohun tó ń rò ni pé ọjọ́ àlejò ilé-ẹ̀kọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, Ẹlẹ́rìn-ín ni yóò sì ya àwòrán. Gbogbo ènìyàn yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Wọn yóò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi wá ibi tí yóò fi ojú sí.

Ní ilé, Jẹ́jẹ́ ń ṣe òdòdó. Jẹ́jẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Àǹtí bí, òun àti Adúmáadán ló sì jọ ń sùn lórí ibùsùn kan. Ohùn rẹ̀ kì í ròkè, bẹ́ẹ̀ ni kì í bẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, òun ló sì mọ kéèkì ṣe jù ní gbogbo kíláàsì wọn. Ìdánwò àfọwọ́ṣe kéèkì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ilé-ìwé àwọn aṣekéèkì kan wà tó máa ń gba ẹnìkan péré láti ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, máàkì ìdánwò yìí ni wọ́n sì fi ń mú un. Kò sí ohun mìíràn tí Jẹ́jẹ́ fẹ́ láyé ju kí wọ́n mú òun lọ.

Ṣúgà tí wọ́n pò ló fi ń ṣe òdòdó náà. Ó ń tẹ ewé rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹ̀yìn ṣíbí títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí etí ọmọ tuntun. Ogójì ló ti ṣe. Funfun ni gbogbo wọn, kéèkì tí wọn yóò sì tò wọ́n sí náà, funfun ni.

"Kí ló dé tí o kò fi pupa díẹ̀ sí i?"

"Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wò yóò rí i."

Adúmáadán ń bá a gbé àwo tí òdòdó wà nínú rẹ̀ kúrò níwájú fáànù, ó sì ń ronú nípa ọjọ́ àlejò.

Nígbà tí ọjọ́ ìdánwò pé, àwọn méjèèjì jọ gbé kéèkì náà dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ń rìn bí ẹni tó gbé omi kún abọ́. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná, Adúmáadán rí Ẹlẹ́rìn-ín pẹ̀lú kámẹ́rà dúdú náà lọ́rùn. Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní kéèkì, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Ìyá Ṣúgà, ló máa ń fi fóònù ara rẹ̀ ya iṣẹ́ wọn ránṣẹ́ sí àwọn alábòójútó ìdánwò lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n fóònù Ìyá Ṣúgà ti já sínú abọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n ń pò ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Igbákejì ọ̀gá ló wá ní kí wọ́n pe ẹni tó gba ẹ̀bùn àwòrán.

Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ì bá sọ pé kí wọ́n yọ gíláàsì yẹn kúrò. Adúmáadán dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó rí Ẹlẹ́rìn-ín tó dojú kámẹ́rà kọ kéèkì àkọ́kọ́, tó fajú ro, tó sì ń fi ìka fa ìmọ́lẹ̀ sókè, sókè, gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ti sọ pé ẹni tí má-yọjú bá parọ́ fún yóò ṣe. Adùn ńlá kan kún ẹnu Adúmáadán. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ó lè má burú tó bẹ́ẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wò yóò rí òdòdó Jẹ́jẹ́. Ó yí padà, ó gba kíláàsì rẹ̀ lọ.

Òfin ìdánwò ni pé wọ́n gbọ́dọ̀ yọ káàdì inú kámẹ́rà, èyí tí àwòrán wà lórí rẹ̀, sínú àpòòwé lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹnikẹ́ni kò tún àwòrán náà wò. Kí agogo tó lù pé kí wọ́n máa lọ sílé, kíláàsì ti jẹ kéèkì mọ́kọ̀ọ̀kànlá tán, wọ́n sì ń lá ìka.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ṣúgà wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé kan, àwòrán díẹ̀, àti Ẹlẹ́rìn-ín. Kéèkì àwọn mẹ́wàá tó fi àwọ̀ sí tiwọn ti ṣì, ṣùgbọ́n a ṣì lè mọ ohun tó wà lára wọn. Ti Jẹ́jẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ogójì òdòdó náà ti wọnú ìmọ́lẹ̀ lọ. Ohun funfun kan ló wà lórí ohun funfun mìíràn. Àwọn alábòójútó kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé: kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kankan lára kéèkì yìí.

Ẹlẹ́rìn-ín ti sọ fún Ìyá Ṣúgà pé ojú kámẹ́rà náà ń ṣókùnkùn láti ìgbà tí wọ́n ti lẹ gíláàsì mọ́ ọn. Ìyá Ṣúgà ṣàlàyé pé ọ̀nà kan ṣì ṣí sílẹ̀. Bí ẹni tó lẹ gíláàsì náà bá lè fi ìwé jẹ́rìí, kó tó di ọjọ́ Ẹtì, sí bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ohun tí òun mọ̀ nígbà tí òun ń lẹ̀ ẹ́, wọn yóò gbà kí ọmọ náà tún kéèkì ṣe. Bí kò bá sí ìwé, máàkì náà yóò dúró bẹ́ẹ̀.

Àǹtí gba kámẹ́rà. Ó gbé e yí sí ọ̀tún, ó gbé e yí sí òsì, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣú.

"Ta ló lẹ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ṣé o bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe?"

"Mo bi í."

"Kí ló sọ?"

Adúmáadán wo ilẹ̀. Ó ní Ẹlẹ́rìn-ín fúnra rẹ̀ ló ní kí òun lẹ̀ ẹ́. Àǹtí ní èyí kọ́ ni òun bi í. Ó tún bi í.

Àǹtí kò pariwo, kò sì nà án. Ó kàn ń bi í ni. Ó bi í nígbà tí wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù, ó bi í nídìí oúnjẹ, ó bi í láàárọ̀ ọjọ́ kejì bó ṣe ń de bàtà. Ó sọ pé òun lè kọ ìwé náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n òun kò ní fi orúkọ òun sábẹ́ ohun tí òun kò mọ̀. Adúmáadán sì ń pa ẹnu mọ́, gẹ́gẹ́ bí Ẹlẹ́rìn-ín ti pa tirẹ̀ mọ́ fún oṣù márùn-ún. Bí ìrònú yẹn bá ti fẹ́ wọ inú rẹ̀, yóò lé e jáde.

Nítorí pé ní ilé-ẹ̀kọ́, ìgbẹ̀san rẹ̀ ti ń so èso. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé báwo ni ẹni tó ya irú àwòrán tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kò ṣe lè ya kéèkì. Ẹnìkan sọ Ẹlẹ́rìn-ín ní Ìyá Báláú, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn kó tó di ọ̀sán. Ní Ọjọ́rú, igbákejì ọ̀gá pe Adúmáadán sí ọ̀fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun ti ń ro ẹjọ́ tó fi sun òun nígbà náà. Ó ní ó jọ pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Bí àwòrán àwọn kéèkì yìí bá jẹ́ àìmọ̀-ọ́n-yà lásán, òun yóò tún ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn náà gbé yẹ̀ wò ní ọjọ́ Ẹtì.

Adúmáadán jáde síta. Ó dúró níwájú ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ó fi ojú inú rí i pé wọ́n ti pa orúkọ kan rẹ́ lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti kọ òmíràn. Kò ní ṣe ju kí òun dákẹ́ lọ. Ọjọ́ méjì péré.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó bá Jẹ́jẹ́ nídìí tábìlì ìdáná. Ó tún ń ṣe òdòdó. Àwọ̀ pupa wà ní ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn-ọwọ́.

"Ṣebí o ní o kì í fi pupa sí i?"

Jẹ́jẹ́ kò gbójú sókè. "Wọ́n ní kò sí iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Bóyá mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe."

Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó kàn ń tẹ ewé pupa náà bí ẹni tó ń fọ àwo. Òdòdó náà kò dára, ó nípọn, kò jọ ti ọwọ́ rẹ̀ rárá. Adúmáadán jókòó tì í. Ó ti ń ronú fún oṣù márùn-ún pé kò sí ẹni tó mọ bó ṣe ń dun ènìyàn kí wọ́n wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n sì ní kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnìkan ti wá mọ̀ ọ́n báyìí. Adúmáadán fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn márùn-ún ló wà ní ọ̀fíìsì: igbákejì ọ̀gá, Ìyá Ṣúgà, Àǹtí, Ẹlẹ́rìn-ín àti Adúmáadán. Bébà funfun kan wà níwájú Àǹtí, bírò wà lórí rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín fara ti ògiri. Ó ti dín ẹ̀rín kù. Igbákejì ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀bùn, ṣùgbọ́n Àǹtí tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohùn kan náà ló fi bi í bó ṣe ti ń bi í láti ọjọ́ Ajé.

"Kí ló sọ nígbà tí o bi í?"

"Kò dáhùn, mà. Kò dáhùn, mo sì ṣí páálí. Èmi ni mo yàn án fún un. Mo mọ̀ pé kò yẹ kámẹ́rà. Mo mọ ohun tí yóò ṣe. Mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ ìdánwò, mo rí i tó ń ṣe é, mo bá tèmi lọ."

Àǹtí mú bírò, ó kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ, kò dín in kù, kò sì fi kún un. Adúmáadán fi orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni igbákejì ọ̀gá bi í pé kí ló dé tó fi ṣe é. Ó tọ́ka sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n bi Ẹlẹ́rìn-ín. Gbogbo ojú yí sí ara ògiri. Ẹlẹ́rìn-ín kọjú sí fèrèsé.

Igbákejì ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ó ní òun kò lè gba ẹ̀rí ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ẹ̀bùn yóò wà níbi tó wà. Adúmáadán yóò sì máa fọ yàrá ìdáná lójoojúmọ́ títí sáà ẹ̀kọ́ yóò fi parí.

Àǹtí náà kò dá a sí. Ó gba aṣọ ìnugíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Ìgbálẹ̀ ni Adúmáadán ń dì mú ní ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà kan péré ni Àǹtí bá a sọ ọ́, bó ṣe ń gbálẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Ohun tó ṣe sí ọ burú, mo sì gbà ọ́ gbọ́. Ohun tí ìwọ náà ṣe burú. Ẹlẹ́rìn-ín lo gbé e lé lọ́wọ́, Jẹ́jẹ́ ló bá. Ẹni tó bá ń gbẹ̀san kì í lè yan ẹni tí yóò dùn. O lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ títí ayé, mi ò ní dá ọ lẹ́kun, ṣùgbọ́n má fi iṣẹ́ tí mo kọ́ ọ jà mọ́."

Jẹ́jẹ́ tún kéèkì rẹ̀ ṣe. Funfun ló tún ṣe é. Ìyá Ṣúgà ló fi fóònù tuntun yà á, gbogbo ogójì òdòdó náà sì hàn kedere, àní ewé kan tó ti sán díẹ̀ hàn. Ilé-ìwé àwọn aṣekéèkì mú un. Kò bi Adúmáadán ní nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì ló fi kọ ẹ̀yìn sí i lórí ibùsùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní kó bá òun gbé àwo òdòdó kúrò níwájú fáànù.

Ọjọ́ kẹta tí Adúmáadán padà sídìí tábìlì ni Ẹlẹ́rìn-ín wọlé. Kámẹ́rà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìní gíláàsì lójú, nǹkan sì ti ha á ní igun kan. Adúmáadán wo Àǹtí. Àǹtí ń tú wáyà, kò gbójú sókè.

"Ìwọ ni oníbàárà ń bá sọ̀rọ̀," ó ní.

Oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí tábìlì bó ṣe máa ń wà. Má-yọjú ló súnmọ́ ọwọ́ Adúmáadán jù. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbé e fún un lẹ́ẹ̀kejì, inú òun yóò tún dùn bí ti àkọ́kọ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í sẹ́yìn.

"Kí lo fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe?"

"Ṣé èyí tó mọ́ gaara kọ́ ló dára jù?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Ṣé o ṣì ń bínú ni?"

"Mò ń bínú. Kí lo fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe?"

Adúmáadán kò fọwọ́ kan páálí kankan. Ó dúró. Oníbàárà mìíràn wọlé, ó ra okùn fóònù, ó jáde. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi àtàǹpàkò pa ibi tó ha lójú kámẹ́rà, bí ẹni pé yóò parẹ́ bí òun bá pa á pẹ́. Kò sí ẹ̀rín kankan lójú rẹ̀ mọ́, ojú náà sì wá dà bí ti ẹni tí Adúmáadán kò rí rí.

"Mo fẹ́ fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya àwòrán," ó ní. "Mi ò mọ̀ ọ́n yà. Mi ò mọ̀ ọ́n yà rí."